Ẹ̀yìn ń dùn mí, wọ́n ní eegun mi ti ń jẹ: ṣé kí n fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn níbí, ọdún 19 rèé tí mo ti ń ránṣọ, ẹni ọdún 44 sì ni mí. Láti bí oṣù 7 sẹ́yìn ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí, ìsàlẹ̀ níbi ìbàdí gan-an, nígbà míì á máa fà mí dé ìdí lápá ọ̀tún. Tí mo bá ti jókòó pẹ́, ìdìde á di wàhálà, màá kọ́kọ́ tẹ̀ bí ìyá arúgbó ná kí n tó lè nàró. Wọ́n ní kí n lọ ya ẹ́síréè, mo lọ, wọ́n ní eegun ẹ̀yìn mi ti ń jẹ, láti ọjọ́ yẹn àyà mi ò balẹ̀ mọ́, ẹ̀rù ń bà mí láti bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, wọ́n ń bá mi ra agbo. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ ayé ni. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ládùúgbò wa máa ń di oríṣi 4 papọ̀ fún mi, tí mo bá lò ó ara á tù mí fún ọjọ́ méjì, á tún padà. Mo ti gbé fóòmù kúrò, orí ilẹ̀ ni mò ń sùn báyìí. Ká má parọ́, nǹkan ò rọgbọ, ọkọ mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti ọdún tó kọjá, wọ́n fowó lé owó ṣọ́ọ̀bù tí mo wà ní Mókọ́lá, mo kó máṣìnì wá sílé, ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, òru tí wọ́n bá mú iná wá ni mo máa ń dìde rán aṣọ àwọn èèyàn. Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni? Ṣé ilẹ̀ tí mò ń sùn yìí dáa? Àti pé ṣé ó burú kí ọmọ máa gun ẹ̀yìn mi, torí ìyẹn gan-an ló máa ń tù mí.

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun mà, ẹ kú ìrora. Físíò ni mí, ìyẹn ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ìrora ara, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mò ń bá àwọn èèyàn fà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ mi ò rí yín kí n fọwọ́ kan ẹ̀yìn yín, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò ní kí ẹ má lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ohun tí ẹ kọ, mo rí àwọn nǹkan kan níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ gbọ́ lónìí kí ọkàn yín lè fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ́síréè yẹn, torí ó dà bíi pé òun ló dá jìnnìjìnnì bò yín ju ìrora gan-an lọ. Gbólóhùn yẹn, "eegun ti ń jẹ", inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ pé wọ́n sọ ọ́ fún èèyàn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ní kó máa lọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá sọ báyìí, ohun tí wọ́n rí ni pé àlàfo tó wà láàárín eegun kan sí èkejì, níbi tí ohun rírọ̀ kan bíi rọ́bà wà, ti fúnra díẹ̀, etí eegun sì lè ti yọ ṣóńṣó síta díẹ̀. Kò sí kòkòrò tó ń jẹ nǹkan kan níbẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn fẹ́ kán. Ọjọ́ orí ló ń ṣe é, bó ṣe ń ṣe irun tó fi ń funfun. Ní 2015 àwọn onímọ̀ kan kó èsì àwòrán ẹ̀yìn èèyàn 3,110 jọ, àwọn tí ẹ̀yìn ò dùn rárá o, wọ́n fẹ́ mọ iye tó ní nǹkan tí wọ́n rí lẹ́yìn yín yìí. Nínú 100 àwọn ẹni ogún ọdún, 37 ló ti ní in. Nígbà tí wọ́n dé orí àwọn ẹni 40 ọdún ó di 68, ẹni 50 ó di 80, ẹni 80 ọdún ó di 96. Àwọn tí nǹkan kan ò ṣe ni mò ń wí yìí! Tí wọ́n bá ya àwọn ẹgbẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ ń ra aṣọ ní Gbági ní ẹ́síréè lọ́la, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n máa sọ fún pé eegun wọn ń jẹ, wọ́n á sì padà sílé lọ máa bẹ̀rù bíi tiyín. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ìbàdí ń dùn, bíi mẹ́sàn-án ni kò sí ohun kan pàtó tá a lè nawọ́ sí nínú eegun pé òun rèé. Ìyẹn ò ní kí ìrora yín má jẹ́ òótọ́ o, ó ń dùn yín, mo gbà yín gbọ́, ohun tí mò ń wí ni pé ibòmíì la máa wá ìdí rẹ̀ sí.

Níbo wá ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún lẹ́tà yín kà, mà. Ọdún 19 lẹ ti ń ránṣọ, orí máṣìnì kan náà, àga kan náà, ẹ̀yìn ò dùn. Oṣù 7 ló bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́, kí ló dé tí kò bà á jẹ́ lọ́dún kẹwàá, lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dógún? Ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé wá bá mi nìyẹn, kí ló yí padà nínú ayé yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin sì ti dá a lóhùn kí n tó bi yín: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ baba àwọn ọmọ, owó ṣọ́ọ̀bù ga, ẹ kó máṣìnì wálé, ọmọ iṣẹ́ ku ẹyọ kan, ẹ̀yin lẹ wá ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta, oorun sì ti dín kù torí iná ọba. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ò kàn mọ̀ pé ìdáhùn ni.

Ẹ wò ó, kódà ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní Mókọ́lá, ó dá mi lójú pé ẹ̀ ń rìn, ẹ ń rìn lọ, ẹ ń rìn bọ̀, ẹ̀ ń sọdá títì lọ ra òwú, ẹ̀ ń dìde lọ kí ìyá olóúnjẹ, ẹ̀ ń jáde sí ìta wo ẹni tó ń kọjá. Ní báyìí láti yàrá dé ibi máṣìnì bóyá ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni. Ìrìn tí ẹ ò kà sí nǹkan kan yẹn, oúnjẹ ẹ̀yìn ni. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun yẹn kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ bíi ti ẹran ara yòókù, bá a ṣe ń rìn tá à ń tẹ̀ tá à ń nà ló fi ń mu omi tó sì ń rí oúnjẹ jẹ, bíi kàn-ìn-kàn-ìn tí èèyàn ń fún tó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí èèyàn bá wá jókòó láti aago mọ́kànlá òru di aago márùn-ún ìdájí láìdìde, ẹran ẹ̀yìn á gan, á rẹ̀ ẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe.

Tá a bá wá dé orí oorun, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá sùn dáadáa, ìrora kékeré á di ńlá lára rẹ̀. Ọpọlọ ló ń pinnu bí ìró ìrora á ṣe pariwo tó, bíi ìgbà tí èèyàn ń yí rédíò sókè sílẹ̀, àìsùn á sì máa yí i sókè ni. Ìrora á wá dí oorun lọ́wọ́, àìsùn á tún dá kún ìrora, wọ́n á máa ti ara wọn lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ìrònú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àyà bá ń já, iṣan ẹ̀yìn máa ń le gbagidi láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀, ẹ kàn fọwọ́ kàn án lálẹ́ ọjọ́ tí lándílọ́ọ̀dù bá wá béèrè owó, ẹ ó rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mò ń sọ pé ọkàn yín ló ń tàn yín jẹ, ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ Boeing tó ń ṣe bàálù, wọ́n tọpa òṣìṣẹ́ 3,020 níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́rin, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1991. Wọ́n wọn bí agbára wọn ṣe tó, wọ́n wo bí ara wọn ṣe ń tẹ̀, wọ́n bi wọ́n nípa iṣẹ́ àti ilé. Àwọn tó sọ pé iṣẹ́ àwọn kì í sábà dùn mọ́ àwọn, àwọn ló wá fi ẹjọ́ ẹ̀yìn sùn ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ju àwọn tí iṣẹ́ ń dùn mọ́ lọ. Agbára apá ò sọ ẹni tí ẹ̀yìn máa dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo rántí èyí nígbàkígbà tí mo bá rí awakọ̀ tàbí tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń sọ fún mi pé "sà, iṣẹ́ yẹn ti sú mi", mo máa ń fi ìwé sílẹ̀, màá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ná. Tiyín yàtọ̀ díẹ̀ mà, mo rí i pé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín, ẹrù tó wá gorí iṣẹ́ náà ló pọ̀ jù.

Àti pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2020, èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ìbàdí ń dùn káàkiri ayé, wọ́n ní tó bá fi máa di 2050 á tó mílíọ̀nù 843, kò sí àìsàn mìíràn tó ń dá iṣẹ́ dúró lọ́wọ́ èèyàn tó o. Ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nínú àwọn ohun tó ń dá kún un tí èèyàn lè ṣe nǹkan sí, mẹ́ta ni wọ́n máa ń dárúkọ jù, bí iṣẹ́ èèyàn ṣe rí, sìgá mímu, àti sísanra jù. Ẹni tó bá ń mu sìgá tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn yín wà lára ohun tó ń bà jẹ́, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan.

Ó yá, ṣé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀? Rárá mà. Tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, owó á dín, ìrònú á pọ̀, ẹ ó wá máa jókòó sílé láìṣe nǹkan kan, mo sì ti rí i lójú ara mi pé ìyẹn gan-an ló ń sọ ẹ̀yìn oṣù méje di ẹ̀yìn ọdún méje. Bí ẹ ṣe ń ṣe é ló yẹ ká tún tò. Ohun àkọ́kọ́, ẹ má jókòó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìdìde. Mi ò ní kí ẹ lọ síbì kankan, ẹ kàn dìde, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ gbọ́wọ́ lé ìbàdí ẹ fi ara sẹ́yìn díẹ̀ ní bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ mu omi, ẹ padà. Ẹ fi fóònù dá aago. Ẹ lè lo iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀: aṣọ gígé, ìdúró ni kí ẹ ti máa ṣe é, kì í ṣe lórí ilẹ̀ bí ọ̀pọ̀ télọ̀ ṣe ń ṣe nílé tí wọ́n á tẹ́ ẹní sílẹ̀ tí wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀ lé aṣọ lórí, ẹ wá tábìlì tó ga dé ìbàdí, kódà kó jẹ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ tí kápẹ́ńtà kàn gbé lé ẹsẹ̀ igi. Ìlọṣọ náà, ẹ máa dúró lọ̀ ọ́. Ẹ rán díẹ̀, ẹ gé díẹ̀, ẹ lọ̀ díẹ̀, ẹ pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, kì í ṣe kí ẹ rán mẹ́wàá tán kí ẹ tó gé òmíràn.

Àga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bẹ́ǹṣì tí kò lẹ́yìn ránṣọ mọ́ tí ẹ bá lè rí èyí tó ní. Ẹ ká ìró kan tàbí tímùtímù pẹlẹbẹ sí ibi kòtò ẹ̀yìn. Tí máṣìnì bá ti lọ sílẹ̀ jù tí ẹ̀ ń dorí kodò sí i bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, ẹ fi pákó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, kí iná sì mọ́lẹ̀ dáadáa, torí àìríran ló ń fa ọrùn àti ẹ̀yìn síwájú lọ́pọ̀ ìgbà, tó bá sì ti pẹ́ tí ẹ ti ń na abẹ́rẹ́ jìnnà sójú kí ẹ tó lè fi òwú sí i, ẹ lọ wò ó bóyá awò ló kàn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ sọ ìjókòó dídáa di ẹ̀sìn o. Kò sí ìjókòó kan tó dáa tí èèyàn lè wà lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Ìjókòó tó dáa jù ni èyí tí ẹ fẹ́ yí sí lẹ́yìn èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀.

Ohun kejì ni ìrìn, mo sì fẹ́ kí ẹ mú èyí ní ọ̀kúnkúndùn ju gbogbo ohun yòókù tí mo sọ lọ. Ní Ọsirélíà, àwọn èèyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san, wọ́n pín wọn sí méjì, wọ́n ní kí àwọn kan máa rìn, díẹ̀díẹ̀ títí á fi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, físíò sì ń là wọ́n lọ́yẹ̀, wọn ò ṣe nǹkan kan fún àwọn yòókù. Èsì rẹ̀ jáde ní 2024. Ìdajì àwọn tí kò rìn, ẹ̀yìn ti padà dùn wọ́n láàárín bí ọjọ́ 112, àwọn tó rìn tó ọjọ́ 208 kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn lásán o! Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìdájí kí oòrùn tó mú, ẹ mú baba àwọn ọmọ dání, torí òun náà ń jókòó sílé pẹ̀lú ìrònú, ẹ jọ rìn dé orí títì ẹ jọ padà. Lọ́sẹ̀ kejì kó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá dùn díẹ̀ lọ́nà, kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń já, ẹran tí kò rìn fún oṣù méje ló ń jí.

Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ padà náà, mà. Ẹ̀rù yẹn ń ṣe yín ní jàǹbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan fífúyẹ́, aṣọ kan, síṣọ́ọ̀sì, kí ọpọlọ yín lè tún mọ̀ pé kò séwu, kí ẹ tó kan korobá omi. Korobá omi fúnra rẹ̀, ẹ pín in sí méjì kí ẹ gbé e lápá méjèèjì, ẹ má fọ́nnu pé ẹ lè gbé ọ̀kan ńlá.

Ilẹ̀ tí ẹ ń sùn. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà tipẹ́, pé ibi tó le ló dáa fún ẹ̀yìn, bàbá mi náà gbà á gbọ́. Ní Sípéènì, wọ́n pín fóòmù fún èèyàn 313 tí ẹ̀yìn ń dùn, àwọn kan gba èyí tó le gan-an, àwọn kan gba èyí tó le níwọ̀nba, èsì jáde ní 2003: àwọn tó gba tìwọ̀nba ni ara tù jù. Torí náà ẹ gbé fóòmù yín padà, àyàfi tó bá ti jìn kòtò láàárín bí àwo ọbẹ̀, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ yí i padà tàbí kí ẹ fi pákó sí abẹ́ rẹ̀ títí owó á fi wà. Tí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ sùn ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Tí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ẹ fi sábẹ́ orúnkún.

Oògùn tó ń dì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Oríṣi mẹ́rin nínú ọ̀rá kan tí ẹ ò mọ orúkọ ọ̀kankan níbẹ̀. Mo mọ ohun tó sábà máa ń wà nínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, pénkílà tó le bíi diclofenac, nígbà míì méjì lára irú rẹ̀ pọ̀, oògùn tó ń múni sùn, àti prednisolone tó ń jẹ́ kí ara tètè yá gágá. Pénkílà yẹn, tí èèyàn bá ń lò ó lóòrèkóòrè á dá egbò sínú, á sì máa ṣe kíndìnrín ní jàǹbá láìpariwo. Prednisolone, tó bá pẹ́ á mú kí ojú wú, á gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wá, á sì sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ìyẹn á wá sọ ọ̀rọ̀ "eegun ń jẹ" tó jẹ́ irọ́ tẹ́lẹ̀ di òótọ́. Ẹ gbé ọ̀rá yẹn lọ fún dókítà, ẹ jẹ́ kó mọ bó ti pẹ́ tó tí ẹ ti ń lò ó, ẹ má kàn já a dúró lójijì tó bá ti pẹ́, kó bá yín tò ó. Tírámádọ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni tó bá fún yín nítorí ẹ̀yìn oṣù méje, ẹ sá fún un. Àti bẹ́líìtì tí wọ́n ń tà nínú gosiló, ẹ fi owó rẹ̀ ra ẹ̀wà. Ní ìparí 2023 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà lórí ìbàdí tó ń dùn pẹ́ jáde, bẹ́líìtì àti oògùn bíi tírámádọ̀ wà lára àwọn ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, wọ́n fẹ́ràn yín ni wọ́n ṣe ń ra agbo, mi ò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n jẹ̀dí-jẹ̀dí, tó bá jẹ́ ìdí yíyọ là ń sọ, ìdí ló ń yọ lẹ́nu, òun kọ́ ló ń mú ìbàdí télọ̀ dùn lẹ́yìn ìjókòó wákàtí mẹ́fà, ṣúgà tí ẹ fi sí tíì kọ́ náà ni. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ béèrè bóyá ọtí ni wọ́n fi rẹ agbo náà, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ń mu ní gáréèjì tí wọ́n ń pè ní ọ̀pá ẹ̀yìn, torí ọtí líle àti pénkílà nínú ikùn kan náà, egbò inú ni wọ́n jọ ń wá. Ẹni ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà. Kẹ́ ẹ ṣáà máa rìn.

Mo fẹ́ bá baba àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbí, tí ẹ bá lè ka eléyìí sí wọn létí. Sà, mo mọ̀ pé àìríṣẹ́ ò rọrùn fún ọkùnrin, ojú máa ń tì wá, a ó kàn dákẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín ń ránṣọ lóru, ó ń jí dáná ní ìdájí, ó ń tẹ̀ gbálẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kúkúrú, ó ń bẹ̀rẹ̀ fọṣọ, lẹ́yìn gbogbo ìyẹn la wá ń béèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gba aṣọ fífọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ. Ẹ gba omi pípọn. Ẹ bá a kó aṣọ lọ fún kọ́sítọ́mà kí ẹ sì gba owó bọ̀. Télọ̀ ò ní lìífù, kò sí ọ̀gá tó máa sọ pé kó lọ sinmi kí owó oṣù máa wọlé, ẹ̀yin ní ilé nìkan lẹ lè fún un ní ìsinmi. A máa ń sọ pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa lo oògùn gbogbo ilé.

Ti oorun, ìyá wa, mo mọ̀ pé iná lẹ̀ ń lépa. Tó bá jẹ́ máṣìnì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà lẹ̀ ń lò, kì í ṣe iná ló kàn fún rírán, íyọ́ọ̀nù nìkan ló kàn fún, ẹ kó ìlọṣọ jọ sí òru kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ sun àwọn òru yòókù. Tó bá jẹ́ oníná ni, ẹ yan òru mẹ́ta tí ẹ ó máa ṣiṣẹ́, ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀ bí iná bá tiẹ̀ tàn bí ọ̀sán. Kọ́sítọ́mà tó bá mú aṣọ ẹbí wá ní ọjọ́ mẹ́ta sí òde, ẹ sọ iye tuntun fún un tàbí kí ẹ sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Mo mọ̀ pé ó le láti kọ owó, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan péré.

Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá rí wọn, gbogbo ohun tí mo sọ yìí ẹ pa á tì, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Tí ẹ ò bá lè tọ̀ mọ́ tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀. Tí ojú ara àti ibi tí èèyàn fi ń jókòó bá kú tipiri bí ẹni pé wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ìpaniyè. Tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ẹ̀ ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ò gba ọjọ́ kejì. Èyí tí kò yára tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí kò yẹ kí ẹ fi falẹ̀: ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, òógùn òru, kí èèyàn máa rù láìgbààwẹ̀, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń wọ eegun ẹ̀yìn ní ilẹ̀ wa níbí, kò sì pọn dandan kí ẹni náà máa wúkọ́. Ìrora tó ń jí èèyàn lójoojúmọ́ lóru tí kò sì yí padà bó ṣe wù kó dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ rí níbikíbi. Kí bàbá tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ̀yìn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn tí ìtọ̀ sì ń ṣe ségesège jẹ́ kí wọ́n yẹ próstéètì rẹ̀ wò. Nínú ohun tí ẹ kọ mi ò rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ nípa yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ara.

Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ ti ń rìn tí ẹ sì ti tún ìjókòó ṣe tí kò bá tíì yàtọ̀, ẹ lọ sí ẹ̀ka físíò ní ọsibítù ìjọba, UCH ní tirẹ̀ níbẹ̀ n'Íbàdàn, kí wọ́n kọ́ yín ní eré ìdárayá tó bá ẹ̀yìn tiyín gan-an mu. Ẹ gbé ẹ́síréè yẹn dání tí ẹ bá ń lọ, àmọ́ ẹ sọ ìtàn oṣù méje yẹn fún wọn ṣáájú kí ẹ tó yọ ọ́.

Ọmọ tó ń gun ẹ̀yìn yín ńkọ́? Tó bá jẹ́ kékeré ni, tí kò wúwo, tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ẹran ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí kò fẹsẹ̀ lé eegun tó wà láàárín, ó lè tù yín fún ìgbà díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ ra èèyàn, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò tíì mọ bó ti pẹ́ tó tí prednisolone ti wà nínú ọ̀rá yẹn, ẹ dá a dúró ná títí ẹ ó fi rí dókítà, ẹ jẹ́ kó máa fi ọwọ́ àti òróró ra á fún yín. Màmá yín tàbí ìyá ọkọ yín tó ti dàgbà, kí ọmọ kankan má gùn wọ́n o, eegun àgbà lè sán.